Orúnkún Tí Kò Kanlẹ̀

Èmi kì í wo ojú ọmọ tó bá ń kí mi, orúnkún rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àwọn ará ilé mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwà àgbà ti ń yọ lára mi, pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n máa wí. Ẹni tó bá ti fi orúnkún wá oúnjẹ òòjọ́ rí, tí orúnkún sì já a kulẹ̀, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wá níbẹ̀.

Àdúgbò àtijọ́ ní Ìwó ni wọ́n bí mi sí, nílé aláàfáà. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìdájí, tí oòrùn bá sì yọ, wọ́n á gba oko lọ. Mo ga ju gbogbo ọmọ ilé wa lọ, àtọkùnrin àtobìnrin, débi pé tí ìyá mi bá fẹ́ mú nǹkan lórí àjà, wọn kì í wá àga, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn onítẹ̀bọmi ni mo lọ, pápá básíkẹ́tì sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ kan, tíṣà eré ìdárayá rí mi lórí ìlà, ó ní kí n fò kí n fọwọ́ kan àwọ̀n. Mo fò, mo kàn án. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi gbà pẹ̀lú àdéhùn: ṣòkòtò gígùn, ìborí, kí n má sì pa ìrun jẹ. Àwọn tó wá bá wọn wí pé ọmọ aláàfáà ń sáré kiri láàárín ọkùnrin, bàbá mi dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló fún un ní gíga, kì í ṣe àwọn. Mo fi ṣòkòtò àti ìborí gbá bọ́ọ̀lù dé Ìbàdàn, mo gbá a dé Èkó. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan gbà mí síṣẹ́, nígbà tó yá, wọ́n pè mí sí àgọ́ àwọn tó fẹ́ gbá a fún Nàìjíríà. Mo lè sọ ọ́ láìtijú: mo mọ̀ ọ́n gbá. Tí mo bá ti gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọ̀n, ẹni tó bá dúró níwájú mi, kó yáa tètè kírun.

Ọdún Iléyá kan ni mo wá sílé tí ìyá bàbá mi kọ̀ láti jẹ iyán tí mo gbé fún wọn. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí.

“Ṣé kíkí nìyẹn? Kúnlẹ̀ kí o kí mi.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú, orúnkún ló ń dùn mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn ò bá ẹnu wọn rín in. “Orúnkún tó ń fò bí ẹtu l'Ékòó, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, òun ni kò lè kanlẹ̀ fún èmi tí mo bí bàbá rẹ? Ó dáa. Ilẹ̀ tí ò ń sá fún yẹn, orí ẹ̀ náà lo máa ṣubú sí.”

Wọn ò ṣépè fún mi o. Inú ló ń bí wọn. Ṣùgbọ́n ọdún ò tíì yí po tí mo fi fò gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, mo balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì, mo sì gbọ́ ìró kan nínú ara mi bí ìgbà tí èèyàn bá dá igi ìdáná. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà. Gbogbo ilé wa gbà pé ọ̀rọ̀ ìyá bàbá mi ló ṣẹ. Èmi ò gbà, mi ò sì ní gbà títí mo fi máa kú. Orúnkún mi ti ń ké tipẹ́, ìgbéraga ni wọ́n pe igbe rẹ̀.

Mo padà sí Ìwó, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sì gbà mí gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì àwọn obìnrin. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọ̀n kan ṣoṣo ló wà lórí pápá, ìkejì ti wó. Àwọn ìyá àdúgbò ti sọ sìmẹ́ńtì wa di ibi tí wọ́n ń sá láfún sí. Tí mo bá ní kí àwọn ọmọ sáré, ẹsẹ̀ wọn á funfun láti ọmọ ìka dé kókósẹ̀. Mo bá àwọn ìyá náà jà, wọ́n bá mi jà, a wá pín in: àárọ̀ di tiwọn, ìrọ̀lẹ́ di tèmi. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Ọmọ tó bá gbé bọ́ọ̀lù bí ẹni gbé igbá ẹ̀kọ, mo máa ń bi í pé àdúgbò wo ló ń kiri rẹ̀ lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún ọwọ́ wọn ṣe.

Ìparí òjò ni ọmọbìnrin kan láti Kuta, ìlú tó wà nítòsí wa, wá bá mi. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, ló sì ń pàṣẹ nílé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́bàá pápá, orúnkún méjèèjì, ó sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ fúyẹ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, mi ò lè sọ èwo ló ṣáájú.

Kí ọyẹ́ tó dé, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ti ń béèrè ibi tí mo ti rí i. Kóòṣì kan ní yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà rí fídíò rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà òjò tó ń bọ̀ láti wo àwọn ọmọ. Tí èyí bá lè gbá a lójú òun bó ṣe gbá a nínú fídíò, wọ́n máa mú un lọ, wọ́n á kọ́ ọ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fún un níbùgbé. Mo sọ fún ọmọ náà. Kò hó, kò fò. Ó kàn ní, “Màmá mi ò ní ro oko mọ́ nìyẹn,” ó sì gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sábẹ́ àwọ̀n.

Níbi ìrun ni mo ti kọ́kọ́ fura. Àwọn ọmọ tó jẹ́ Mùsùlùmí máa ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti kírun Alásárì, èmi náà á sì dúró lẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, gbogbo wọn forí kanlẹ̀, gbogbo wọn dìde, òun nìkan fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀ kó tó dìde. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fọwọ́ tilẹ̀. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo forí kanlẹ̀ lórí ìrun lọ́jọ́ náà mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, mo ń wò ó. Tó bá jókòó, mo ń wo ibi tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí. Kíkúnlẹ̀ rẹ̀ ń dín kù: orúnkún méjèèjì di ẹyọ kan, ẹyọ kan di kó kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe kó tẹrí ba. Olùkọ́ obìnrin kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní, “Ọmọ yín yẹn, fídíò ti gùn ún lórí o. Ó kí mi láàárọ̀ yìí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́ nílẹ̀.” Mo ní ara rẹ̀ ni ò yá. Ó ní, “Ẹ máa gbè é.” Ìlú odídẹrẹ́ nìlú wa, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ níbí kó tó fò. Èyí wọ mọ́tò, ó dé Kuta.

Nígbà tí ọmọ náà lọ sílé fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó sì dé, mo pè é sí yàrá tí a ń kó bọ́ọ̀lù sí, mo ti ilẹ̀kùn.

“Èwo ló ń dùn ọ́?”

“Kò sí, mà.”

“Lóṣòó kí n rí ọ.”

“Ó rẹ̀ mí ni, mà.”

Mo ní kó jókòó. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúnkún ọ̀tún, mo ní kó ká ẹsẹ̀ kó sì nà án. Nǹkan kan ta pọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó tún nà án, ó tún ta. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun bẹ̀ mí, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé tí Ìyá Àgbà bá gbọ́, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ti sọ òun di arọ, wọ́n á ní kí òun padà wá sóko. Mo ní kó nu ojú rẹ̀. Mo ní mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́, àti pé a ń lọ sí Ìbàdàn.

Dókítà eegun tó rí wa gbé fọ́tò inú orúnkún náà, tí ẹ̀rọ yà, síwájú iná. Ó ní nǹkan rírọ̀ kan wà láàárín egungun méjèèjì tó ń ṣe bíi tìmùtìmù fún wọn, pé ó ti ya létí, kò tíì já. “Tó bá sinmi, ó lè jinná. Kó má fò, kó má lóṣòó, kó má kúnlẹ̀ rárá. Orí àga ni kó ti máa kírun.” Ó wá yíjú sí èmi nìkan, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Tó bá já, tó ká wọ àárín eegun, mi ò lè ṣèlérí fún yín pé á tún gbá bọ́ọ̀lù.”

Mo kọ̀wé sí kóòṣì Amẹ́ríkà, mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní òun máa dúró dè é, pé orúnkún tó sinmi wúlò fún òun ju èyí tó ń tiro lọ. Nítorí náà, ọ̀nà ò tíì dí. Ohun tó kù ò ju kí ọmọ yìí jókòó jẹ́ẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń lọ ìdíje, mo gbé àga fún un sẹ́bàá pápá, ó sì ń bínú sí mi látorí àga náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kó máa bínú. Mo gbà kó bínú sí mi lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tó dá ṣáṣá.

Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀.

“Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Màmá, kí ló dé? Mi ò bínú.”

“Wọ́n ní ẹ ti yọ ọmọ wa kúrò nínú ẹgbẹ́.”

“Mo ní kó sinmi ni. Orúnkún ló ń dùn ún. Mo mú un lọ sí Ìbàdàn, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fò.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Àgbà ni yín, a mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ tú àṣírí ẹ̀. Àwa náà ti rí i. Lọ́jọ́ ọdún, òòró ló dúró kí Ìyá Àgbà, lójú gbogbo ẹbí.”

“Màmá, kì í ṣe ìwà. Orúnkún ni!” Ohùn mi ti ń lọ sókè.

“Ẹ má bínú, Kóòṣì.”

“Mi ò bínú!”

Kí ẹ sì bi ara yín, ta ló máa ń pariwo pé òun ò bínú? Nílẹ̀ wa, àgbà tí ọmọdé bá rí fín kì í là á mọ́lẹ̀. Á ní orí ló ń fọ́ òun. Á ní oorun ń kun òun. Á ní kò sí nǹkan kan. Àwọn tó ní ọmọ ló yẹ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà, kí wọ́n sì wá bẹ̀bẹ̀. Gbogbo òótọ́ tí mo ń sọ fún obìnrin yìí, ó kà á sí ìwà pẹ̀lẹ́ àgbà tí wọ́n ṣẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń tóbi sí i.

Mo ní ojú lọ̀rọ̀ wà, màá wá sí Kuta lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé fọ́tò náà wá. Ó ní, “Ẹ̀yin? Kẹ́ ẹ wá bá wa? Àwa kọ́ lẹ máa wá bá o, Kóòṣì.” Ó pa fóònù. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń bọ̀ nílé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ẹbí wo ló máa jókòó de irú ìtìjú bẹ́ẹ̀? Mo pe ọmọ náà, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá pè é láti ilé, kó ní kí wọ́n dúró dè mí. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ojú ọ̀run dúdú láti ọ̀sán. Òjò àkọ́rọ̀ ni, atẹ́gùn ń gbé iyẹ̀pẹ̀ kiri, àwọn ìyá aláfún sì ń sáré kó ẹrù wọn kúrò lórí pápá. Àga ọmọ náà ṣófo. Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà kan ni wọ́n wá mú un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pé wọ́n ń béèrè ilé mi.

Mi ò lè sáré láti ìgbà tí ẹsẹ̀ tèmi ti dá, ṣùgbọ́n mo sáré lọ́jọ́ náà. Mo ń tiro, mo ń sáré, àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé. Ọ̀nà ilé mi ò jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò tíì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà iṣu àti àkùkọ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà wà lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé mi, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ìdí rẹ̀ lórí gìgísẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wọn lórí èjìká rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn aládùúgbò mi ti gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò ti ń bá wọn bẹ̀ mí kí n tó dé.

Ọmọ náà rí mi. “Mo sọ fún wọn, mà,” ó ní. “Mo sọ fún wọn.”

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde kí mi. Mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Orúnkún tó ti pẹ́ nílẹ̀ báyẹn, tó ti ya tẹ́lẹ̀, dídìde ló máa pa á. Ó yẹ kí a jókòó tì í, kí a rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó dojú sókè, kí a na ẹsẹ̀ náà fún un bí ẹni ń na ẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

“Má dìde!” Mo kígbe. “Má dìde o! Má mira!”

Mo rí ojú ìyá rẹ̀ bó ṣe yí padà, ó sì yé mi, ó yé mi kó tó tún yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tí a bá dárí jì la máa ń sọ fún pé kó dìde. Wọ́n ti mú ọmọ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, wọ́n ti mú iṣu wá, lójú àwọn aládùúgbò, mo sì ní kí ọmọ wọn má dìde. Obìnrin náà ké. Ó wó lulẹ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú mi, ó forí kan sìmẹ́ńtì.

“Ẹ forí jì í, Kóòṣì! Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí! Èmi ni mi ò kọ́ ọ!”

Ọmọ wo ló máa rí ìyá rẹ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó máa wà lójú kan? Ó fò dìde láti gbé ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi ò tó o. Mo gbọ́ ìró náà. Àwọn aládùúgbò náà gbọ́ ọ, nítorí ọ̀kan nínú wọn wo òkè bóyá ẹ̀ka igi ló dá. Ọmọ náà ò ké rárá. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ká dúró, kò ṣe é nà, kò ṣe é ká sí i.

Mo wólẹ̀ tì í, mo di ẹsẹ̀ náà mú. Ìyá rẹ̀ ò tíì gbójú sókè. Ó ṣì forí kanlẹ̀, ó ń bẹ̀, ó ń bẹ̀, ó ń fi ikú bàbá ọmọ náà bẹ̀ mí. Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó.” Kò gbọ́. Mo ní kí ẹnìkan pe mọ́tò, kò sẹ́ni tó mira. Gbogbo wọn ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi, wọn ò sì ní gbọ́ òmíràn tí mi ò bá tíì sọ ọ́.

Mo ní, “Mo ti dárí jì í.”

“Alhamdulilahi,” ni Ìyá Àgbà wí. Ara wọn balẹ̀. Wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ohùn wọn sì tutù, ohùn ìyá tó fẹ́ràn ọmọ ni.

“Ó ti tán,” wọ́n ní. “Wọ́n ti dárí jì ọ́. Dìde, ọmọ mi. Dìde.”

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wá wo ojú mi.